Wọ́n Ń Dáṣọ Ẹgbẹ́ Lọ Sílé Ọmọ Òrukàn

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn síbì kan ná. Ẹni tó bá mọ ilé tí mò ń wí, kó pa ẹnu mọ́; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má wádìí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo yà sọ́dọ̀ Ìyá Oníwàrà ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin wa níbí, pé kí n ra wàrà sí ọbẹ̀ alẹ́. Kí n tó na owó sí i, ó ti dé abọ́ rẹ̀ pa bí ẹni pé wàrà náà létí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àǹtí Oníwèé, ẹ ò tíì gbọ́?"

"Kí ni n ò tíì gbọ́, Ìyá?"

"Àwọn ọmọ ilé Àlájà. Wọ́n ń dáṣọ ẹgbẹ́ jọ."

"Ta ló fẹ́ gbéyàwó?"

"Ìyàwó kọ́ o. Ilé ọmọ òrukàn ni wọ́n ń lọ."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo fa àpótí, mo jókòó. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, èèyàn kì í dúró gbọ́ ọ.

Gàmbàrí tí ẹ ń wò yìí, àdúgbò ọjà ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Haúsá tó ń bọ̀ láti òkè ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣì ni ọkọ̀ wa, ọ̀kan nínú àwọn Balógun mẹ́rin Ìlọrin sì ń jẹ́ Balógun Gàmbàrí títí di òní olónìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ ẹrù, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀. A kò fi irọ́ pípa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń bọ́ sílẹ̀ tí a kì í ṣà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọmọ Àlájà tó dàgbà jù, èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ló kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Àwọn ará Tanke wà níbẹ̀, àwọn ará Adéwọlé wà níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ GRA tí kì í tẹ apá ọ̀dọ̀ wa àfi tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹran ọdún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi Sátidé kan ṣe iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú àwọn ọmọ aláìlóbìí nílé ìtọ́jú kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á jọ ya àwòrán, wọ́n á jọ kun ọ̀dà, wọ́n á jọ gé kádíbọ́ọ̀dù, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Èrò náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọmọ mìíràn wà tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún un ní bébà, ọwọ́ rẹ̀ á sọ ọ́.

Ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ ló di ohun tí à ń fọwọ́ bo ẹnu sọ.

Ẹ gbọ́ ti aṣọ ná. Tíṣáàtì ni, wọ́n sì fi ṣòkòtò àǹkárá sí i, torí ó ní bí yóò ṣe gún régé nínú fọ́tò. Télọ̀ tó ń rán an, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníwàrà ló wà, òun ló fi ọ̀kan hàn mí. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Níwájú, orúkọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà pé àwọn ni ìrètí fún ọmọ tí kò nírètí. Sùbúhánálláhì! Ta ló sọ fún wọn pé ọmọ náà kò nírètí? Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń lọ sílé ìwé o, wọ́n mọ̀wé kà. Ẹ wo ọmọ ọdún mọ́kànlá tó jókòó sẹ́yìn àlejò, tó ń kun òdòdó tí wọ́n ní kó kùn, tó gbójú sókè tó sì ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ nípa ara rẹ̀.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ mi orí. Ó ní, "Èmi ni wọ́n fún níṣẹ́, Àǹtí, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Mo ti fẹ́ pé kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n Àlájà jẹ́ ẹni tí mo máa ń lọ kí. Ọjọ́ Ẹtì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìpàdé àwọn ọmọ náà ni mo bá ní pálọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ilé tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti wá, n kò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Wọ́n fi mí sí igun kan, ọmọbìnrin kékeré kan sì gbé másà wá fún mi nínú àwo. Mo rí i pé ìka ọwọ́ rẹ̀ dúdú kirikiri, mo rò pé ìdí ìkòkò ló ń fọ̀. Mo gba másà, mo ń jẹ, mo ń gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi ọkàn bá mi lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jíròrò lé lórí ni àwọ̀ tíṣáàtì. Wákàtí kan ààbọ̀. Àwọn kan ní àwọ̀ èsè àlùkò, àwọn kan ní àwọ̀ ẹyin. Ọ̀kan dìde, ó ní àwọ̀ ẹyin kò dáa, torí pé kò ní "gbé àwọ̀ àwọn ọmọ yẹn jáde" tí wọ́n bá dúró ti àwọn. Àwọ̀ ara ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wá aṣọ tó bá a mu fún! Ohun kejì ni onífọ́tò: wọ́n mú méjì, wọ́n tún mú ẹni tó ní dúróònù. Dúróònù lọ sílé ọmọ òrukàn. Kí ni wọ́n fẹ́ wò láti òkè, páànù? Ohun kẹta ni oúnjẹ: ìrẹsì àti ẹran adìyẹ fún àwọn àlejò, bísíkíìtì fún àwọn onílé. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹnì kan rántí pé iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń lọ ṣe, ó bèèrè kírẹ́yọ̀nù àti bébà. Akápò ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bá ṣẹ́kù."

Mo ní kó fún mi ní ìwé ìṣirò yẹn kí n wò ó. Ó fún mi, kò kúkú mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣáàtì ₦7,000 lọ́nà 32, ìyẹn ₦224,000. Àwọn onífọ́tò ₦150,000. Kírẹ́yọ̀nù, bébà, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: ₦18,000. Ìdámẹ́wàá owó aṣọ jẹ́ ₦22,400. Ọ̀dà ọmọ òrukàn kò tó ìdámẹ́wàá aṣọ àlejò, bẹ́ẹ̀ la ò tíì débi ìrẹsì.

Mo bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ mélòó ló wà nílé ọ̀hún?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní wọ́n á tó ogójì. Òmíràn ní wọ́n pọ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó mélòó ni wọ́n?"

"Ọmọ kéékèèké ni wọ́n, mà."

"Gbogbo wọn?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ a rí ọmọ ọdún mẹ́ta nírú ilé bẹ́ẹ̀, a sì rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí irùngbọ̀n ti ń hù sí lẹ́nu. Ẹ gbé kírẹ́yọ̀nù fún ìyẹn kó fi kun labalábá, ẹ ti bú u. Mo tún bi wọ́n pé Sátidé àárọ̀ tí wọ́n mú yìí, ṣé àwọn ọmọ náà kì í lọ sílé kéwú ni? Ní Ìlọrin! Wọ́n ní àwọn ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí alábòójútó lórí WhatsApp. Mo ní kí ló sọ? Wọ́n ní ó ti kà á, kò tíì fèsì. Aṣọ ti délé télọ̀, onílé kò tíì ní kí wọ́n máa bọ̀.

Bánà ńkọ́? Wọ́n ti tẹ bánà. Ojú ọmọ kan ló gba ààbọ̀ rẹ̀, omijé ń dà lójú ọmọ náà. Mo ní ọmọ ta nìyí? "A rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, mà." Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Kwara náà gbà wọlé, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀ bí àgbàlagbà. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Èwo nínú wọn ló máa gbà kí n tẹ ojú ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú omijé sára aṣọ ike, kí n ta á sí ojúde?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá dà mí lórí rú rèé. Bí ìpàdé ṣe ń parí lọ, ọmọbìnrin kan tó mọ aṣọ wọ̀ dáadáa fẹ́ dán an wò bí òun yóò ṣe jókòó nínú fọ́tò. Ó mú ìrọ̀rí orí àga Àlájà, ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ gbá a mọ́ra. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ojú kalẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ṣé báyìí?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ní, "Tẹ orí sí i díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín."

Ìrọ̀rí ló fi ṣe ọmọ.

Másà há mi lọ́fun. Ọmọbìnrin kékeré yẹn ló sáré bu omi wá fún mi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé Àǹtí Oníwèé ń jowú, pé àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ló ń bú ẹni tó ń ṣe. Mo gbà. Kò sí ọjọ́ kan tí èmi fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sílé ọmọ òrukàn kankan. Ṣùgbọ́n ìlú tí a wà yìí, ìlú àwọn àáfà ni. Kò sí ọmọ Gàmbàrí kan tí wọn kò kọ́ ní ohun tó ń jẹ́ ṣekárími kó tó pa eyín dà. Wọ́n kọ́ wa pé sàráà tí a fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe, kí ọwọ́ òsì má gbọ́. Ẹ̀yin wá gbé dúróònù. Òrukàn sì ni Ànábì fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàbá àgbà gbà á, ìyẹn náà kú, arákùnrin bàbá rẹ̀ wá mú un sọ́dọ̀. Inú ilé, láàárín àwọn ọmọ ilé, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Aáfà àdúgbò wa tí mo bá sọ ọ́ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn bèèrè bóyá àwọn ọmọ náà máa yọ tíṣáàtì yẹn kí wọ́n tó kírun.

Ẹ má sì rò pé ará ilé wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe. Àwọn tó kọ́ wa ní irú ìrìn àjò yìí ti ń fi ìka bọ etí. Ní Kàǹbódíà, ilé ọmọ òrukàn 154 ló wà ní 2005. Nígbà tó fi máa di 2010, wọ́n ti di 269. Kì í ṣe ogun ló fà á. Àwọn àlejò ló ń pọ̀ sí i, àwọn òyìnbó tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàánú kí wọ́n tó lọ wẹ̀ létíkun, bí wọ́n sì ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń wá ọmọ tí wọ́n máa ṣàánú fún. Nígbà tí wọ́n wá ka àwọn ọmọ inú ilé náà, àwọn tí ìyá àti bàbá wọn ti kú pátápátá kò pé ìdámẹ́rin. Àwọn yòókù, òbí wọn ń bẹ láyé, òṣì ló gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ghana tó wà nítòsí wa níbí náà rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn ń pè ní òrukàn ló ní ẹbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò láti dá wọn padà sọ́dọ̀ ẹbí. Nígbà tí Ọsirélíà ń ṣe òfin lórí ìmúnilẹ́rú òde òní ní 2018, wọ́n ka kíkó ọmọ lọ sílé òrukàn láti fi pa owó mọ́ ọn. Òwò ẹrú, ẹ gbọ́ o. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà sọ̀rọ̀ nípa ewu irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2019.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọmọ Àlájà ti wá gan-an ńkọ́? Ní 2019, Stacey Dooley tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n gbé ọmọ Uganda kan mọ́ra, ó ya fọ́tò, ó gbé e sí Instagram. David Lammy, aṣòfin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, fi ìbínú sọ̀rọ̀ pé ayé kò nílò òyìnbó olùgbàlà kankan mọ́. Ariwo náà pọ̀ dé ibi pé ní 2020, Comic Relief tó rán obìnrin náà níṣẹ́ kéde pé àwọn ò ní máa rán gbajúmọ̀ wá sí Áfíríkà fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí òyìnbó tì mọ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ wa ṣà, ó gbé e wọ báàlù wá sí Gàmbàrí.

Mo gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ jẹ́rìí mi. Mo ní ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń pàṣẹ kírẹ́yọ̀nù láti Èkó fún, nígbà tó jẹ́ pé ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ wà? Ìlọrin yìí ni wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà nígbà kan, èyí tí àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Yorùbá ń fi sọ́rùn. Àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́ Ilé ló mú iṣẹ́ náà dé. Òkúta pupa ni, láti òkè ló ti ń bọ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi irin wẹ́wẹ́ lu ihò sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á yí i lórí òkúta títí yóò fi máa dán bí ojú ọmọ tuntun. Ayédèrú láti òkè òkun ló pa òwò náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn tí ọmọdé kò lè gbọ́. Òfì ṣì ń ró láàárín ìlú. Ẹ gba ọ̀nà Òkèlele lọ sí Dada, ẹ ó bá àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò. Wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ dé, wọ́n á na amọ̀ bò ó nídìí, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á wá fi ọwọ́ mọ ọrùn rẹ̀ sókè. Níta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún. Ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn kó tẹ̀lé yín. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan ìdúpẹ́. Amọ̀ kò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fi ṣe ewúrẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè fi kọ́ iṣẹ́ tí yóò máa jẹ.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù fún imú pọ̀.

"Amọ̀ á ba aṣọ jẹ́, mà."

Èyí tó bá mọ ìtàn nínú wọn ì bá ti gbọ́ nípa Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, aláàdìrẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní Ògìdì, Ìpínlẹ̀ Kogí, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ìyá àgbà rẹ̀ tó ń hun aṣọ ló tọ́ ọ, ìdí iṣẹ́ ìyá náà ló sì jókòó sí, lójoojúmọ́, kì í ṣe láti aago mẹ́wàá sí aago méjì. Òun náà ló wá ṣí ilé ìkọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo ní 1983, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Tàbí kí wọ́n wo Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òrìṣà rẹ̀ kò lè dùn létí ará Gàmbàrí, ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ ni mò ń wí. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló kú sí ní 2009. Láàárín ìgbà náà, ó gba ọmọ tọ́, wọ́n jẹ nílé rẹ̀, wọ́n sùn nílé rẹ̀, wọ́n dàgbà níwájú rẹ̀. Òyìnbó ni o! Ọmọ tiwa kò lè jókòó di aago mẹ́ta, torí wọ́n ní ìnáwó kan ní Tanke nírọ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró sí. Mo ti rò pé mo ti gbọ́ tán. Ìgbà tí mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Oníwàrà ní ọjọ́ Ajé pé kí n ròyìn fún un, ńṣe ló ń wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

"Àǹtí Oníwèé, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ò mú yín dé ẹ̀yìn ilé ìdáná?"

Ọmọbìnrin tó gbé másà fún mi, ẹ rántí rẹ̀. Ọmọ àbúrò ọkọ Àlájà ni. Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e kí ọdún tó yí. Àwọn ẹbí pín àwọn ọmọ, Àlájà mú èyí. Ó ń fọ àwo, ó ń gbálẹ̀, ó ń kiri omi tútù kó tó lọ sílé kéwú nírọ̀lẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì ti dẹ̀ díẹ̀, èédú ló ń mú. Ó ń fi ya àwòrán sára ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Èédú ni mo rí níka ọwọ́ rẹ̀ tí mo pè ní ìdọ̀tí ìkòkò.

Ìyá Oníwàrà ti rí ògiri náà, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ ló máa ń gbà gbé wàrà wọlé. Ó ní ewúrẹ́ wà níbẹ̀ tó fẹ́ jẹ ewé, èèkàn rẹ̀ ni ó fà á lọ́rùn. Ó ní ìyá kan wà níbẹ̀ tó ru igbá, ó sì mọ̀ pé òun ni, torí ọmọ náà ya àmì ojú òun sí i, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọkùnrin kan wà lórí ọ̀kadà, tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó.

"Bàbá rẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà," bẹ́ẹ̀ ni Ìyá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé wàrà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gé.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn ni ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ àlejò. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an, kí àwọn onípàdé tó dé, Àlájà gba ibẹ̀ kọjá, ó rí ògiri. Ó gbá ọmọ náà létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó fẹ́ dójú ti òun lójú àwọn ọmọ èèyàn. Ó fún un ní kànìnkànìn àti ọṣẹ. Ọmọ náà fọ ọ́ fọ ọ́, èédú kò lọ tán, ó kàn di eérú eérú sára ògiri. Nígbà náà ni wọ́n rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin sínú yàrá tí ẹrù ìrìn àjò wà. Garawa ọ̀dà funfun tí wọ́n rà fún àwọn ọmọ òrukàn ló gbé jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi kun ògiri náà, torí àwọn àlejò ti ń kan ilẹ̀kùn.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ọmọ yẹn gbé másà fún mi. Èmi tí mò ń ka owó ọ̀dà, tí mò ń bèèrè ọmọ mélòó ló wà lẹ́yìn ìlú, n kò bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀.

N kò gbà á gbọ́ tán, ẹnu ọjà lẹnu ọjà. Mo dìde, mo lọ wò ó. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ lo ilé ìyàgbẹ́. Ọ̀dà náà fẹ́lẹ́. Tí oòrùn bá ti tàn sí i, ẹ ó rí táyà ọ̀kadà kan lábẹ́ rẹ̀.

Mo wọlé bá Àlájà. Mo ní, "Àlájà, ẹ dákun, ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín yìí, ẹ ò ṣe fi í kún àwọn tó ń lọ ní Sátidé? Ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán yà."

Àlájà wò mí. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò fi hàn, ọmọlúwàbí ni.

"Àǹtí, ilé ọmọ òrukàn ni wọ́n ń lọ. Èyí kì í ṣe òrukàn. Ó ní ẹbí."

Mo wá èsì tí mo máa fọ̀, n kò rí i. Mo dúpẹ́ másà ọjọ́ sí, mo jáde.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Sátidé ku ọ̀túnla. Gbogbo tíṣáàtì ti jáde lọ́dọ̀ télọ̀, alábòójútó ilé ìtọ́jú kò tíì fèsì. Ìyá Oníwàrà ti lọ tọrọ ọmọ náà lọ́wọ́ Àlájà fún wákàtí kan lẹ́yìn kéwú lójoojúmọ́, pé kó máa wá bá òun ṣa owó, Àlájà sì gbà. Pákó ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ń ya nǹkan sí báyìí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹni tó bá mọ Ìyá Oníwàrà tí mò ń wí, tó bá ń bọ̀ wá ra wàrà, kó bá wa mú bébà funfun dání. Kó fi fóònù sínú àpò.